A Kì Í Wọgbó Lọ́jọ́ Jímọ̀

Ilé Nirapada Mondal ló kángun sódò jù ní abúlé yẹn. Tí omi bá kún, ẹ̀yìnkùlé rẹ̀ ló kọ́kọ́ ń dé. Tí omi bá fà, ẹrẹ̀ ló ń fi sílẹ̀ fún un, ẹrẹ̀ àti àwọn akàn wẹ́wẹ́ tó ń sáré kiri bí ọmọ tí ìyá rẹ̀ ò sí nílé. Nígbà kan rí, ariwo wà nínú ilé yẹn o. Sarala ìyàwó rẹ̀ lẹ́nu bí abẹ, Dulal ọmọ wọn náà ò gbẹ́yìn, ewúrẹ́ ń ké, ìkòkò ń fọ́. Sarala wá kú. Wọ́n ta ewúrẹ́. Dulal dàgbà, ó bá àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ lọ sí Máskàtì nílẹ̀ Lárúbáwá, níbi tó ti ń to táìlì sílẹ̀ ilé onílé. Ó wá ku Nirapada, ó ku ìkòkò kan. Ìkòkò yẹn ò tilẹ̀ fọ́ mọ́, torí ta ló fẹ́ fọ́ ọ?

Bàbá yìí kì í ṣe ọ̀lẹ. Oyin ló fi ṣiṣẹ́ ṣe láti kékeré. Tí òdòdó bá ti ń tanná nínú igbó tó wà ní òdìkejì odò, òun àti Mokshed Gazi ọ̀rẹ́ rẹ̀ àti àwọn yòókù á wọ ọkọ̀, wọ́n á gbàdúrà, wọ́n á tẹ̀lé oyin dé ibi tó ń gbé. Ṣùgbọ́n orúnkún ò gbọ́ràn mọ́. Ẹrẹ̀ igbó yẹn, gbòǹgbò yọ ṣóńṣó ṣóńṣó jáde nínú ẹ̀ bí ìṣó, kì í ṣe ilẹ̀ tí orúnkún tó ń dunni ń bá ṣeré. Bó ṣe fi igbó sílẹ̀ nìyẹn, tó ń jókòó. Jíjókòó náà, iṣẹ́ ni. Ẹni tí ò bá ṣe é rí ló máa sọ pé kì í ṣe iṣẹ́.

Dulal kì í ṣe ọmọ burúkú. Ó ń pe bàbá rẹ̀. Àmọ́ ẹ gbọ́ bí ìpè ọ̀hún ṣe máa ń lọ.

"Bàbá, ẹ ti jẹun?"

"Mo ti jẹun. Ìwọ ńkọ́?"

"Mo ti jẹ. Kí lẹ jẹ?"

"Ìrẹsì ni. Kí ni ǹ bá tún jẹ?"

"Ṣé òjò ń rọ̀?"

"Ó rọ̀ lánàá."

"Ó dáa."

"Ó dáa."

Ọ̀rọ̀ tán nìyẹn. Kì í ṣe pé ìfẹ́ ò sí o, ọ̀rọ̀ ni ò sí. Ohun tí ọ̀kan ń rí lójoojúmọ́, èkejì ò mọ àwọ̀ rẹ̀. Táìlì lọmọ ń wò, ẹrẹ̀ ni bàbá ń wò. Kí ni táìlì fẹ́ bá ẹrẹ̀ sọ?

Ìgbà tí Dulal wálé ìsinmi ló gbé nǹkan kan sínú fóònù bàbá rẹ̀.

"Bàbá, ẹ wá wò ó. Igbó wa ni wọ́n gbé sínú ẹ̀."

"Igbó wo?"

"Igbó wa yìí náà! Àwọn ọmọ ìlú ńlá Kolkata kan ló ṣe é, géèmù ni. Ẹ̀ ń rìn nínú ẹ̀, ẹ̀ ń wá oyin, ẹ̀ ń kí Ìyá Igbó, ẹ̀ ń sá fún Ẹ̀gbọ́n Ìyá."

Ẹ̀gbọ́n Ìyá tó ń wí yẹn, ẹkùn ni. Àmọ́ lọ́dọ̀ wọn, a kì í la orúkọ ẹ̀ mọ́lẹ̀ báyẹn. Ẹni téèyàn bá fẹ́ kó jìnnà sóun, mọ̀lẹ́bí là ń fi í ṣe.

Nirapada gba fóònù, ó nà án sókèèrè, ó tún fà á mọ́ra. Lóòótọ́ ni, odò wà níbẹ̀, ẹrẹ̀ wà níbẹ̀, gbòǹgbò ṣóńṣó wà níbẹ̀. Lẹ́nu ọ̀nà igbó, Bonbibi, Ìyá Igbó fúnra rẹ̀, dúró nínú ahéré rẹ̀ bó ṣe ń dúró nínú ahéré tó wà lórí òkè ìdènà omi ní abúlé wọn. Bàbá ò mọ ìgbà tó fọwọ́ kan iwájú orí.

"Bàbá, fóònù lẹ̀ ń kí yẹn o."

"Dákẹ́ ńbẹ̀. O mọ ẹni tí mò ń kí?"

Àwọn ibì kan wà tí kò rí bẹ́ẹ̀ ṣá. Ẹ̀gbọ́n Ìyá inú fóònù máa ń bú ramúramù kó tó fò mọ́ èèyàn. Nirapada rẹ́rìn-ín títí ó fi ń wúkọ́. "Ẹni tó fẹ́ jẹ ọ́, ó máa kọ́kọ́ kan ilẹ̀kùn?"

Bí wọ́n ṣe ń ṣe é nìyí. Èèyàn lè jẹ́ awá-oyin, ó lè jẹ́ elégbòogi tó ń fi ọ̀rọ̀ ẹnu di ẹnu Ẹ̀gbọ́n Ìyá, ó lè jẹ́ ọlọ́kọ̀. Bó o bá ṣe ń wọgbó tó, bẹ́ẹ̀ ni agbára rẹ á máa pọ̀ sí i. Bó o bá kó oyin ju bó ṣe yẹ lọ, Ìyá á kẹ̀yìn sí ẹ. Èyí tó wá dùn jù níbẹ̀ ni pé ẹni tó wà ní Máskàtì àti ẹni tó wà létí odò lè jọ wọ ọkọ̀ kan náà, kí wọ́n máa gbọ́ ohùn ara wọn kedere bí ẹni jọ jókòó.

Ìgbà ooru ni Dulal padà síbẹ̀. Lásìkò yẹn, oòrùn ọ̀sán Máskàtì kì í ṣe ohun téèyàn ń bá fà á, wọn ò sì ń jẹ́ kí òṣìṣẹ́ kan dúró sínú ẹ̀. Bí wọ́n bá ti ní kí wọ́n sinmi, Dulal á wọ abẹ́ ibòòji, á ṣí fóònù. Bàbá rẹ̀ á ti wà nínú ọkọ̀ tó ń dúró dè é.

"Bàbá, ẹ̀yin ni kẹ́ ẹ ṣáájú."

"Má tẹ ibẹ̀ yẹn. Wo ilẹ̀. Ta ló tẹ ẹrẹ̀ yẹn báyẹn?"

"Èmi ò rí nǹkan kan o."

"O ò lè rí i. Ojú táìlì lo ní."

"Hẹ̀! Bàbá, ojú táìlì ló ń fún yín ní ìrẹsì jẹ o."

"Kó máa fún mi ní ìrẹsì. Ṣùgbọ́n gbé ẹsẹ̀ ẹ kúrò níbẹ̀."

Ẹ wá wo nǹkan. Ibi tí wọ́n ti ń fi èéfín lé oyin kúrò lórí afárá ni Dulal ti sọ pé ẹ̀yìn ń dun òun, pé òun ò lè nàró dáadáa láàárọ̀. Ibi tí wọ́n ti ń dúró kí Ẹ̀gbọ́n Ìyá kọjá ni bàbá ti sọ pé òun kì í se ọbẹ̀ mọ́, iyọ̀ àti ata gbígbẹ lòun fi ń jẹ ìrẹsì àná. Dulal bá a wí gan-an. Ó ti pẹ́ tẹ́nì kan ti bá bàbá yìí wí kẹ́yìn, ó dùn mọ́ ọn. Ọjọ́ kan, lábẹ́ igi kan báyìí, Dulal ní, "Bàbá, ṣé ẹ rántí bí màámi ṣe máa ń bú oyin?" Bàbá ní, "Oyin nìkan? Ta ni ò bú rí?" Àwọn méjèèjì rẹ́rìn-ín débi pé Ẹ̀gbọ́n Ìyá fẹ́rẹ̀ẹ́ ká wọn mọ́bẹ̀. Ọ̀rọ̀ tí kò lè jáde lórí ìpè, bí wọ́n bá ti jọ ń wo igi, á kàn máa bọ́ lẹ́nu wọn fúnra ẹ̀.

Kò sóhun tó ń bẹ̀rẹ̀ tí kì í tán. Ooru Máskàtì rọlẹ̀, ìsinmi ọ̀sán tán. Bí ilẹ̀ bá ti ń mọ́, Dulal ti wà lórí ìkúnlẹ̀ nídìí táìlì. Bí bọ́ọ̀sì bá gbé wọn délé lálẹ́, á wó lulẹ̀ bí àpò símẹ́ńtì.

"Bàbá, Jímọ̀ nìkan ló kù fún mi o. Ọjọ́ yẹn nìkan la kì í ṣiṣẹ́."

"Jímọ̀ kẹ̀? Wá ọjọ́ mìíràn."

"Kò sí ọjọ́ mìíràn."

"A kì í wọgbó lọ́jọ́ Jímọ̀. Ta ló tọ́ ọ dàgbà, Dulal?"

"Bàbá, fóònù ni!"

"Ṣé Ìyá ò dúró lẹ́nu ọ̀nà ẹ̀ ni? O rí i, èmi náà rí i. Lọ́jọ́ Jímọ̀, Ìyá ti lọ kírun, kò sí nílé. Bí nǹkan bá wá ṣẹlẹ̀, ta lo fẹ́ ké pè?"

"Bí nǹkan bá ṣẹlẹ̀, màá kú, màá tún jí. Kò sẹ́ni tó ń kú níbẹ̀, Bàbá."

"Bí wọ́n ṣe máa ń wí nìyẹn."

Dulal wá ní, "Kò burú. Àwọn kan ti ní kí n máa bá àwọn wọlé. Màá bá wọn lọ."

Kò fi ìbínú sọ ọ́ o. Ìbá tiẹ̀ sàn kó fi ìbínú sọ ọ́.

Jímọ̀ kọjá, òmíràn tún kọjá. Dulal ń pe bàbá rẹ̀ láàárín ọ̀sẹ̀. "Ẹ ti jẹun?" "Mo ti jẹun." "Ṣé òjò ń rọ̀?" "Kò rọ̀." Nirapada wá rí i kedere pé bóun bá dúró lórí ọ̀rọ̀ Jímọ̀ yìí, ọ̀rọ̀ ẹnu ọmọ òun ló ń lọ yẹn. Bóun bá sì wọgbó, òun ti tẹ Ìyá lójú mọ́lẹ̀, Ìyá tó ṣọ́ òun wọ igbó tó tún ṣọ́ òun jáde ní gbogbo ọjọ́ ayé òun. Ó jẹ ìrẹsì, kò dùn. Ó dùbúlẹ̀, oorun ò kùn ún.

Ó gba ọ̀dọ̀ Mokshed Gazi lọ. Mokshed ló máa ń gbàdúrà fún ọkọ̀ wọn láyé ijọ́un, òun náà ló ń gbálẹ̀ ahéré Ìyá. Nídìí ìsọ̀ tíì ló wà.

"Mo fẹ́ bi ọ́ ní nǹkan," Nirapada wí.

"Ó tiẹ̀ pẹ́ kó o tó bi mí. Láti ìjẹta lo ti ń wò mí bí ajá tó jí ẹja."

Nirapada ro gbogbo ẹ̀ fún un. Mokshed gbọ́ ọ, ó nu irùngbọ̀n.

"Oyin inú fóònù yẹn, ṣé ó dùn?"

"Mokshed, mi ò bá ọ ṣàwàdà."

"Ta ló ń ṣàwàdà? Ṣúgà ò sí nínú tíì yìí. Bù ú sí i fún mi."

Ọkùnrin tó ń ta tíì ní kò sẹ́ni tó ní ṣúgà ò sí níbẹ̀, pé ahọ́n Mokshed ló ti kú. Wọ́n bú ara wọn fúngbà díẹ̀. Nígbà tó yá, Mokshed gbé kọ́ọ̀bù kalẹ̀.

"Igbó ni igbó ń jẹ́. Bí wọ́n bá ti gbé Ìyá sẹ́nu ọ̀nà ẹ̀, èmi ò lè sọ fún ọ pé kì í ṣe igbó. Má wọ̀ ọ́ lọ́jọ́ Jímọ̀."

Ojú Nirapada rẹ̀wẹ̀sì.

"Àmọ́ gbọ́," Mokshed wí. "Ṣé ọkọ̀ wà níbẹ̀?"

"Ọkọ̀ wà."

"Ẹni tó jókòó sínú ọkọ̀ ò tíì wọgbó. Ẹsẹ̀ ló ń wọgbó, ìdí kì í wọgbó."

Bí bàbá yìí ṣe di ọlọ́kọ̀ nìyẹn. Nígbà tí Jímọ̀ dé, ó fọ ẹsẹ̀, ó tẹ́ ẹní sẹ́yìnkùlé, ó ṣí fóònù. Dulal ti wà níbẹ̀ pẹ̀lú àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ tuntun. Ọmọkùnrin kan tó ń jẹ́ Tukai ló ṣáájú wọn. Ọmọ Kolkata ni, ohùn rẹ̀ ń yára bí ẹni tí wọ́n ń lé.

"Ta nìyẹn tó jókòó sínú ọkọ̀?"

"Bàbá mi ni," Dulal wí. Inú ẹ̀ dùn, ó hàn nínú ohùn ẹ̀. "Bàbá! Ẹ wá!"

"Mo wá. Ọlọ́kọ̀ ni mí lónìí."

"Bàbá àgbà, ẹ sọ̀kalẹ̀ jàre!" Tukai wí. "Kò sẹ́ni tó ń ṣe ọlọ́kọ̀ mọ́. Ọlọ́kọ̀ kì í rí oyin gbà o."

"Mo ti rí oyin rí, ọmọ mi."

"Háà! Dulal, bàbá ẹ le o."

Wọ́n fò sínú ẹrẹ̀, wọ́n wọgbó. Bí wọ́n ṣe ń jìnnà ni ohùn wọn ń kéré, torí bí wọ́n ṣe ṣe géèmù náà nìyẹn: ẹni tó bá jìnnà sí ẹ nínú igbó, o ò ní gbọ́ ọ, àfi tó bá ti délé. Ohun tí Nirapada gbọ́ gbẹ̀yìn ni ẹ̀rín Dulal. Lẹ́yìn ìyẹn, omi nìkan.

Iṣẹ́ ọlọ́kọ̀ ni kó máa fọn ìwo, kí àwọn tó wà nínú igbó lè mọ ọ̀nà tí wọ́n máa gbà padà. Ìwo wà nínú géèmù náà. O máa tẹ̀ ẹ́ ni, á dún. Nirapada ń tẹ̀ ẹ́. Ó ń dúró, ó tún ń tẹ̀ ẹ́. Omi gidi tó wà lẹ́yìn ilé rẹ̀ kún, ó fà. Oòrùn tó wà lókè orí lọ sẹ́gbẹ̀ẹ́. Ẹsẹ̀ ń ta á, kò dìde. Ọlọ́kọ̀ tó bá fi ọkọ̀ sílẹ̀ nígbà táwọn èèyàn ẹ̀ wà nínú igbó, kí ni wọ́n fẹ́ máa pè é? Ó fọn ìwo. Kò sẹ́ni tó jáde.

Ó ti ń di ìrọ̀lẹ́ kí ohùn Dulal tó ṣàdédé dún.

"Bàbá? Mo ṣì ń rí orúkọ yín níbẹ̀. Ibo lẹ wà?"

"Inú ọkọ̀. Ẹ̀yin dà?"

"A ti délé tipẹ́, Bàbá."

"Délé báwo? Ọkọ̀ wà lọ́dọ̀ mi."

Ṣé ẹ rí i, nǹkan kan wà tí wọ́n ń tẹ̀ nínú géèmù yẹn, bí oyin bá ti kún igbá, o máa tẹ̀ ẹ́, á gbé ọ délé lẹ́ẹ̀kan náà. Gbogbo èèyàn ló ń tẹ̀ ẹ́. Ta ló tún ń padà rìn nínú ẹrẹ̀ wá bá ọkọ̀? Nirapada ò mọ̀ ọ́n. Nígbà tí òun àti Dulal jọ ń lọ, ọkọ̀ ni wọ́n máa ń gbà padà, torí òun ló ń ṣáájú.

"Bàbá, ẹ má bínú. Mi ò rántí. Ẹ dúró, mò ń bọ̀ wá bá yín, mò ń bọ̀ báyìí."

"Dá wá? Dulal, má dá wá. Jímọ̀ lónìí."

Ọmọ ò gbọ́. Ó gba ẹ̀yìn igbó wọlé, òun nìkan, ó ń sáré. Nirapada ń fọn ìwo kíkan kíkan. Ó rí ọmọ ẹ̀ láàárín igi, kékeré báyìí, ó ń ju ọwọ́ sí i. Ohùn ẹ̀ ń dún sí i: "Mo ti rí yín! Bàbá, mo ti..."

Nǹkan bú ramúramù. Ó tán.

"Yéè!" Dulal ń rẹ́rìn-ín. "Ó ti gbé mi o! Kò burú, Bàbá, màá jí nílé. Wọ́n ti ń pè wá síbi oúnjẹ, ẹ jẹ́ n lọ, oúnjẹ ibí kì í dúró de èèyàn. Ó dàbọ̀, Bàbá!"

Ó lọ.

Nirapada wo ojú fóònù. Níbi tí ọmọ ẹ̀ ṣubú sí, àkísà aṣọ funfun kan wà lórí ọ̀pá, bí a ṣe ń so ó síbi tí Ẹ̀gbọ́n Ìyá bá ti gbé èèyàn. Àwọn ọmọ Kolkata yẹn mọ̀ ọ́n ṣe, ẹ ò rí i. Ó ń fẹ́ lẹ́lẹ́. Bàbá yìí mọ̀ pé géèmù ni. Orí ẹ̀ pé, kò sẹ́ni tó gbọ́dọ̀ sọ pé orí ẹ̀ ò pé. Dulal wà ní Máskàtì, ó ń jẹun. Ṣùgbọ́n ẹni tí wọ́n bá gbé nínú ẹgbẹ́ rẹ, o ò ní fi í sílẹ̀ níbẹ̀. Ohun tó bá kù lára ẹ̀, ì báà jẹ́ aṣọ lásán, o máa lọ gbé e. Wọ́n ti fi èyí kọ́ Nirapada kó tó mọ bí wọ́n ṣe ń yọ oyin, ó sì ti wọnú egungun ẹ̀.

Ó sọ̀kalẹ̀ nínú ọkọ̀.

Ọjọ́ Jímọ̀ ni o. Ìyá ò sí nílé. Ó rìn nínú ẹrẹ̀, ó ń gba ibí ó ń gba ọ̀hún, ó dé ìdí aṣọ funfun. Kò sẹ́nì kankan níbẹ̀. Kò sí òkú, kò sí igbá oyin, kò sí ojú ẹsẹ̀. Ẹni tó bá ti kúrò nínú géèmù, òkú ẹ̀ náà á kúrò. Ta ló sọ fún un? Ó yí igi ká. Ó tún yí òmíràn ká. Kò mọ ìgbà tó dìde lórí ẹní, tó dúró sétí odò, tó bẹ̀rẹ̀ sí í pè é.

"Dulal! Dulal o!"

Ní abúlé yẹn, bí àgbàlagbà bá dúró sétí odò nírọ̀lẹ́ tó ń ké orúkọ ọmọ ẹ̀, kò sẹ́ni tó ń béèrè pé kí ló dé. Ohun kan ṣoṣo ló ń túmọ̀ sí. Kí èèyàn tó wí pé kí ni, àwọn kan ti gbé ọ̀pá, àwọn kan ń lu agolo, obìnrin kan ti ń sunkún kó tó mọ ẹni tó kú. Mokshed ló ṣáájú wọn, àdá lọ́wọ́.

"Ibo ló ti gbé e? Nirapada! Ibo ni?"

Nirapada na fóònù sí i. "Ibí yìí."

Gbogbo wọn tẹ orí wò ó. Igi, ẹrẹ̀, àkísà funfun. Ẹnì kan bú sẹ́rìn-ín. Òmíràn pòṣé, ó ní òun fi oúnjẹ sílẹ̀ sáré wá síbí torí fóònù. Obìnrin tó ń sunkún wá ń bú u, ó ní Ọlọ́run máa bi í pé kí ló fi omi ojú òun ṣe. Wọ́n túká lọ́kọ̀ọ̀kan, wọ́n ń fa ọ̀pá wọn nílẹ̀.

Mokshed ò rẹ́rìn-ín.

"Jímọ̀ lónìí," ó wí.

"Mo mọ̀."

"O sọ̀kalẹ̀."

"Mo sọ̀kalẹ̀."

Mokshed ki àdá bọ aṣọ ìdí ẹ̀. "Lọ́la, gbé ṣúgà dídì díẹ̀ wá fún Ìyá. Màá bá ọ bẹ̀ ẹ́. Òun náà mọ ohun tí ọmọ jẹ́." Ó ń lọ, ó tún yíjú padà. "Ṣé o rí ọmọ náà?"

"Mi ò rí i."

Ẹnu àwọn ará abúlé kì í nílò nẹ́tíwọ́ọ̀kì. Kí ọ̀sẹ̀ tó dé àárín, ọ̀rọ̀ náà ti dé Máskàtì, torí ọmọ ìyá ọ̀kan nínú àwọn tó lu agolo jọ ń sùn sí yàrá kan náà pẹ̀lú Dulal. Dulal pè.

"Bàbá, wọ́n ní ẹ̀ ń ké orúkọ mi létí odò."

"Àwọn wo ni wọ́n? Wọn ò ní iṣẹ́ ṣe ni?"

"Bàbá, mi ò kú."

"Ta ló sọ pé o kú? Ṣé mo dàbí ẹni tí orí ẹ̀ ti dà rú?"

"Kí ló wá dé?"

Nirapada wo ìkòkò kan ṣoṣo tó wà níwájú ẹ̀. "Mo débẹ̀, mi ò bá ọ níbẹ̀. Ìyẹn náà ni."

Ọkọ̀ ńlá kan ń kọjá lọ́dọ̀ Dulal. Ó ní, "Jímọ̀ tó ń bọ̀, ẹ má sọ̀kalẹ̀ o. Èmi náà ò ní sọ̀kalẹ̀."

Nígbà tí Jímọ̀ dé, àwọn méjèèjì jókòó sínú ọkọ̀, bàbá lẹ́yìn, ọmọ níwájú. Tukai àti àwọn ẹgbẹ́ ẹ̀ dé.

"Dulal, ó yá! Ẹ̀yin méjèèjì, kí lẹ̀ ń ṣe níbẹ̀ yẹn?"

"A ò ṣe nǹkan kan."

"Ẹ ò ṣe nǹkan kan kẹ̀? Ta ló ń wá sínú géèmù wá jókòó?"

"Máa lọ, Tukai. Mo wà pẹ̀lú bàbá mi."

"Ẹ kú ìjókòó o!" Tukai rẹ́rìn-ín, ó wọgbó lọ.

Wọ́n sọ̀rọ̀ díẹ̀. Dulal ní omi inú géèmù yìí kì í fà. Bàbá ní òun ti rí i, pé omi tí kì í fà, kí ni ẹja fẹ́ máa rò? Dulal sọ ti ẹ̀yìn ẹ̀, pé ó ti sàn díẹ̀. Bàbá purọ́ pé òun se ọbẹ̀ ẹja lánàá. Dulal ní irú ẹja wo. Bàbá ronú, ó ní ẹja kékeré. Dulal rẹ́rìn-ín, ẹ̀rín tó wúwo, tí oorun wà nínú ẹ̀. Ó ní, "Bàbá, mo gbọ́, ẹ máa sọ ọ́ lọ." Bàbá ń sọ ọ́ lọ. Ó ń sọ bí wọ́n ṣe tún òkè ìdènà omi ṣe, ẹni tó gbé erùpẹ̀ àti ẹni tó kàn dúró tó ń pàṣẹ. Nígbà tó ṣe díẹ̀, ó rí i pé kò sẹ́ni tó ń dá òun lóhùn. Ó tẹ́tí. Dulal ń han-un. Ọmọ tó ti fi gbogbo ọ̀sẹ̀ kúnlẹ̀ nídìí táìlì, báwo ni kò ṣe ní han-un? Nirapada rọra dákẹ́.

Ó pẹ́ díẹ̀, fóònù kọ nǹkan jáde. Ọ̀rọ̀ ni, ó ń bi í bóyá ó ṣì wà níbẹ̀, torí kò tẹ ohunkóhun láti ìgbà yẹn wá. Nirapada tẹ "Mo wà". Ó ṣẹ̀ṣẹ̀ wá yé e pé wọ́n á ti bi Dulal náà, pé ẹni tí kò bá dáhùn, géèmù á lé e jáde, kó sì tó ronú kan ohun tó lè ṣe, iwájú ọkọ̀ ti ṣófo. Han-un-han-un náà dákẹ́. Ibi tí ọmọ jókòó sí, pákó lásán ló kù níbẹ̀.

Kò ké. Kí ló fẹ́ ké fún? Ó mọ ibi tí ọmọ wà: ó ń sùn. Obìnrin kan ń fọ abọ́ lápá òkè, akàn ń ha ẹrẹ̀ lẹ́yìn ilé. Ó fi ẹ̀yìn ti ògiri, ó gbé fóònù sórí orúnkún tó ń dùn ún. Ó ń wo pákó òfìfo yẹn. Bí Dulal bá jí, bóyá á kọ́kọ́ wá wò ó bóyá ọkọ̀ ṣì wà.

Fóònù tún bi í bóyá ó ṣì wà níbẹ̀.

Ó tẹ̀ ẹ́ pé òun wà.